Bàálù Méjì Tó Jọra àti Eyín Kan Tó Kúrú

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Bàálù afarapamọ́ ni bàálù ogun tí a gbẹ́ ara rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé, bí ẹ̀rọ rédà bá ju ìgbì sí i, ìgbì náà kò ní padà sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú. Yóò gba ibòmíràn lọ. Kì í ṣe pé ojú kò lè rí i. Bí ó bá kọjá lórí ilé rẹ, wàá rí i, wàá sì fọwọ́ di etí. Rédà ni kò gbọdọ̀ rí i, tàbí kí ó kàn rí i bí ẹni rí ẹyẹ kékeré kan lókèèrè.

Ohun tí mo kọ fún ìgbìmọ̀ ìwádìí lọ́sàn-án yìí nìyẹn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí ẹni ń kọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo dà á kọ síbí kí n lè rí nǹkan kọ.

Àárọ̀ yìí ni fọ́tò náà jáde nínú gbogbo ìwé ìròyìn: bàálù tuntun tí àwọn ará òdìkejì ṣe, àwọn tí àwa pẹ̀lú wọn kò tíì bára wa mu omi láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ó jọ tiwa bí ẹni wo dígí. Kí ó tó di ọ̀sán, ẹ̀ṣọ́ méjì wọ yàrá wa, wọ́n ní kí Onígun dìde. Èmi àti Onígun ti jọ ń lo yàrá yẹn láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú. Òun ni olórí ẹ̀ka tó ń ya ìrísí bàálù, èmi ni igbá-kejì rẹ̀; òun ń yà, èmi ń wọ̀n. Nítorí igun tí kì í jẹ́ kó sùn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Onígun. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Rúlà.

Ó wo àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. "Ṣé kí n mú ẹ̀wù òtútù mi dání?"

Wọ́n ní kó mú un.

Ó ní, "Ìyá Rúlà, bá mi pa kọ̀ǹpútà."

Mo bá a pa á.

Wọ́n ní ó ta àwòrán iṣẹ́ wa. Lọ́dún tó kọjá ó lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ìgbì nílẹ̀ òkèèrè, ẹnì kan sì ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń bá ọ̀kan nínú àwọn ará òdìkejì rẹ́rìn-ín. Bí ìgbìmọ̀ bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n tí yóò darúgbó sí ni. Ilé rẹ̀ ló wà báyìí, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi kò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Mo se ẹyin jẹ. Mi ò mọ̀ pé ó dùn, mi ò sì mọ̀ pé kò dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Màmá mi tẹ́ ìwé ìròyìn síwájú mi, ó fi ìka sí fọ́tò náà.

"Èwo ni tiyín níbẹ̀?"

"Kò sí tiwa níbẹ̀, Màmá. Tàwọn ará òdìkejì ni."

"Irọ́ ni. Èyí tó wà lára kàlẹ́ńdà rẹ nìyí."

"Wọ́n jọra ni."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí, ẹ tún wá ń bínú pé ẹnì kan rí i." Ó ṣí ìwé náà lọ sí ojú ewé ìkéde òkú, ibẹ̀ ló fẹ́ràn jù. "Ta ni wọ́n ní ó jí i?"

"Wọ́n ní Onígun ni."

Ó pa ìwé náà dé. Onígun ló gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀.

"Onígun tí kò lè jí ẹran nínú ìkòkò ìyàwó ara rẹ̀," ló wá sọ.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ìjókòó àkọ́kọ́. Yàrá gígùn, fèrèsé kan ṣoṣo, tábìlì tó ń dán. Èèyàn márùn-ún ló jókòó, ṣùgbọ́n méjì ló ń sọ̀rọ̀: Alága, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, àti Lọ́yà ìjọba, ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò pọ̀, tí ohùn rẹ̀ dùn.

Lọ́yà ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló wá dé tí àwa àti ọ̀tá fi gba ọ̀nà kan náà dé ọjà?"

Mo ní, "Ọjà yìí, ọ̀nà kan ló wọ̀ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò fi ṣe àwàdà.

Mo ní kí wọ́n fa aṣọ fèrèsé. Mo ti mú tọ́ọ̀ṣì kan àti dígí kéékèèké méjì wá. Mo gbé dígí kan dúró gbọnrangandan níwájú Alága, mo tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́ ejìká rẹ̀. Iná padà sí i lójú. Mo wá da dígí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Iná lọ sára ògiri. Mo ní ara bàálù nìyẹn: ohun tó bá dojú kọ rédà á dá ìgbì padà; ohun tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ á jù ú síbòmíràn. Lẹ́yìn náà mo so dígí méjèèjì pọ̀ bí igun yàrá. Bí mo ṣe ń yí wọn sí ọ̀tún, tí mo ń yí wọn sí òsì, ojú Alága náà ni iná ń padà sí.

"Ó tó, ó tó," Alága ní. "Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ mi lójú ni?"

"Ìdí nìyẹn tí ìrù bàálù méjèèjì fi dà síta, sà. Bí ìrù bá dúró ṣánṣán lórí ẹ̀yìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ, igun yàrá nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ ẹnì kejì. Ìgbì kan náà ló kọ́ àwa méjèèjì."

Mo rọra ṣàlàyé ìyókù. Etí apá àti etí ìrù gbọdọ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà, kí ìgbì tí a kò lè ṣe kó má padà lè gba ọ̀nà díẹ̀ péré lọ, níbi tí kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì gbọdọ̀ wọ́, kí rédà má baà rí irin tó ń yí nínú rẹ̀. Ohun ìjà kò gbọdọ̀ rọ̀ lábẹ́ apá, nítorí ohun tó bá rọ̀ á máa pariwo sí rédà; inú ikùn ló gbọdọ̀ wà, ikùn á sì fẹ̀. Mo ní, "Ẹ gbé iṣẹ́ fún gbẹ́nàgbẹ́nà méjì tí wọn kì í kíra wọn. Ẹ ní kí oníkálukú ṣe àga fún ẹni tó ní ìdí kan àti ẹsẹ̀ méjì. Nígbà tí àga wọn bá jọra, ṣé ẹ ó pe ọlọ́pàá?"

Alága kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rò pé ó yé e. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Òjò. Iná lọ, ó dé. Ẹyin ti tún gbówó lórí.

Ọjọ́ Ajé, 11

Ìyàwó Onígun wá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, kò jókòó.

"Àǹtí, ṣé ó ṣe é?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀?" Ó wo Màmá mi bíi pé kó bá òun túmọ̀ rẹ̀. "Ẹ ti bá a jókòó ju èmi tó fẹ́ ẹ lọ. Ẹ ò mọ̀."

"Mo mọ ìwà rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi mí kì í ṣe ìwà."

"Ẹ kàn sọ fún wọn pé kò ṣe é. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́. Ta ni nínú wọn tó mọ ohun tí ẹ mọ̀?"

Mo ní ohun tí mo bá rí ni màá sọ, pé òótọ́ ni.

"Òótọ́ korò, Àǹtí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbé e mì."

Màmá mi gbé omi fún un. Ó mu ún nídùúró, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́rú, 13

Ìjókòó kejì. Alága ní, "Dókítà, gbogbo ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́sí ló yé mi. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìjọra bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbì, a jẹ́ pé kò sí bí a ṣe lè mọ olè láéláé."

Mo ní ó ṣeé mọ̀. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó.

"Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá kọ ìdáhùn kan náà tó tọ̀nà, kò sí olùkọ́ tó lè bá wọn wí. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe kan náà, ọ̀kan ti wo ìwé èkejì. Ẹ fi ohun tí iṣẹ́ fipá mú wa ṣe sílẹ̀. Ẹ wá ohun tí ẹnikẹ́ni ò fipá mú wa ṣe: ibi tí a ti ṣì í, ibi tó kàn wù wá bẹ́ẹ̀, ibi tí ó ti rẹ̀ wá."

Lọ́yà ti ń kọ ọ́. "Ẹ bá wa wá a, nígbà náà."

"Fọ́tò ìwé ìròyìn kò mọ́ tó."

"Èyí tó mọ́ jù ú lọ ń bọ̀ lọ́nà."

Mo rìn wálé. Mo ti dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó yé mi pé mo ti pọ́n ọ̀bẹ láì mọ ọrùn tó máa bá.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Mo já fọ́tò tiwa lára kàlẹ́ńdà, mo gé bébà funfun wẹ́wẹ́, mo ń fi wọ́n bo ohun gbogbo tí ìgbì fipá mú wa ṣe. Ìrù, mo bò ó. Etí apá, mo bò ó. Imú, ọ̀nà afẹ́fẹ́, ìbú ikùn, dígí orí awakọ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, ohun tó kù kò kún ọwọ́: ọ̀dà, àtẹ̀gùn tí awakọ̀ ń gbà gòkè, àti díẹ̀ lára ilẹ̀kùn ikùn tí ohun ìjà ń gbà jáde.

Màmá mi yọjú wò ó. "O ṣeun. Ó ti wá farapamọ́ tòótọ́ báyìí."

Ọjọ́rú, 20

Fọ́tò náà dé. Ẹnì kan yà á láti ìsàlẹ̀ nígbà tí bàálù wọn ń gòkè. Ó mọ́ kedere.

Etí ilẹ̀kùn ikùn kì í tọ́ gbọọrọ. A máa ń gé e bí eyín ayùn, kí ó má baà dá ìgbì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Eyín kẹrin lára ilẹ̀kùn òsì tiwa kúrú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà kan rí, irin ńlá kan tó gbé ilẹ̀kùn dúró wà níbẹ̀, a sì gé eyín náà kí irin lè ráyè. Lẹ́yìn náà a gbé irin náà wọnú. Eyín kò gùn padà. Àbíkẹ́yìn la ń pè é, torí pé ó kúrú, kì í ṣiṣẹ́ kankan, gbogbo ilé sì ń gbà á láàyè.

Lára bàálù tiwọn, eyín kẹrin, ilẹ̀kùn òsì, ó kúrú. Kò sí irin kankan níbẹ̀. Kò sí ìdí tí irin á fi wà níbẹ̀ rí. Apá kejì ni ilẹ̀kùn tiwọn ń ṣí sí.

Mo rí i kí n tó jókòó. Mo wá jókòó.

Mo fọ abọ́ nígbà tí mo délé. Mo tún fọ àwọn tó ti mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 21

Mo lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa ka eyín ilẹ̀kùn nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Bí mo bá dákẹ́, Onígun á bọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Mo sọ ọ́.

Mo fi ìka tọ́ka sí eyín náà lórí fọ́tò. 

Alága ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Dókítà?"

"Ó dá mi lójú pé wọ́n wo tiwa. Ẹni tó fi hàn wọ́n ni mi ò mọ̀."

Lọ́yà ní, "Ta ló ya ilẹ̀kùn náà?"

"Onígun."

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Wọ́n fi ìdájọ́ sí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Mo sọ fún Màmá mi. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ jẹ ní yàrá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Mo pe ìyàwó Onígun. Mi ò rò pé ó máa gbé e.

"Wọ́n ti wá ka ẹ̀sùn náà fún un," ó ní. "Eyín. Wọ́n ní eyín ló pa ọkọ mi. Àǹtí, ẹ má pè mí mọ́."

"Mo gbọ́."

"Ó ní kí n bi yín ní nǹkan kan. Èmi ò fẹ́ bi yín. Ó ní, ṣé ẹ wọ̀n ọ́n?"

Mo ní rárá, ojú ni mo fi wò ó.

Ó pa fóònù. Títí ó fi pa á, kò yí Àǹtí padà sí orúkọ mi.

Ọjọ́ Ajé, 25

Mo gba àṣẹ lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù, ẹ̀ṣọ́ kan tẹ̀ lé mi. Ariwo ibẹ̀ pọ̀. Onígun kì í wọ ibẹ̀. Ó ní ariwo irin ń da òun lórí rú, èmi ló sì máa ń rán.

Mo wọn Àbíkẹ́yìn lára bàálù mẹ́ta. Ìdá méjì nínú mẹ́ta eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Mo wọ̀n ọ́n lórí fọ́tò tiwọn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni.

Mo wá ṣí àwòrán Onígun. Nínú èyí àtijọ́, ìgbà tí irin ṣì wà níbẹ̀, ìdajì ló gé e sí. Nínú èyí tuntun, lẹ́yìn tí irin kúrò, ó ti dá eyín náà padà: ó pé, ó dọ́gba pẹ̀lú àwọn tó kù.

Mo pe Ọ̀gá Wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Ó fi ìbọ̀wọ́ nu ojú.

"Ẹ ní ká gé e ní ìdajì lóòótọ́," ó ní. "Bí a bá gé e dé ìdajì, etí ilẹ̀kùn ń là. La bá dúró níbi tó gbà wá."

"Nígbà tí a wá ní kí ẹ dá a padà ńkọ́?"

"Mọ́ọ̀dù tuntun láti fi ṣe ilẹ̀kùn nìyẹn máa gbà, Ìyá Rúlà. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa béèrè fún un."

"Àwa náà rò pé ẹ̀yin ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i pé ọmọ tí ilé méjì ń tọ́, ebi ló máa pa á."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. A tún bébà ṣe, a kò tún irin ṣe. Ìdá méjì nínú mẹ́ta kò sí nínú àwòrán kankan tí Onígun yà rí. Ara irin nìkan ló wà. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ Onígun fún wọn, eyín tó pé tàbí eyín tó gé dé ìdajì ni wọn ìbá ṣe. Ẹni tó fún wọn ní èyí wo irin náà fúnra rẹ̀, tàbí ó mú un nínú ẹ̀rọ tí a fi wọn irin náà, tó ń tọ́jú gbogbo ìwọ̀n.

Ẹ̀rọ yẹn, èmi ni mo ń lò ó.

Ọjọ́bọ̀, 28

Mo gbé nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú wọn: ìdajì, odindi, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Mo ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Alága ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

Lọ́yà kò kọ nǹkan kan lónìí. Ó ní, "Ta ló wá mọ ìwọ̀n yìí?"

"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Àti èmi."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Dókítà, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́nu yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Kò sẹ́ni tó bi yín léèrè ara yín."

"Lọ́yà bi mí."

Wọ́n tú Onígun sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀ṣọ́ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe ń fa ẹsẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wọ yàrá wa lọ́jọ́ kìíní ni. Wọ́n ti yàrá wa pa.

Mi ò ṣe é. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé kò tíì sí ẹni tó bi mí.

Ọjọ́ Àìkú, 31

Òjò wẹ́wẹ́. Màmá mi ti gbé àga fún ẹ̀ṣọ́ náà, ó ti ní kó bá òun yí gílóòbù iná, ó ti ń ka ìkéde òkú fún un.

"Màmá, iṣẹ́ ló ń ṣe o."

"Iṣẹ́ kí ni? Kó máa wo ilẹ̀kùn? Ilẹ̀kùn ò lọ síbì kan."

Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó tún yára fa ojú ro. Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mo mọ ibi tí ẹ̀rín yẹ kó wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹrin

Ìyàwó Onígun dúró sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Ẹ̀ṣọ́ kọjú sí ọ̀nà ibòmíràn.

"Àǹtí."

"Ṣé ó ń sùn?"

"Ó sùn lánàá. Ó sùn títí oòrùn fi wọlé." Ó ń sunkún, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ẹni tí nǹkan kó sí lójú. "Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní kó wá ṣí ẹ̀rọ yín, kó wo ohun tó jáde nínú rẹ̀ àti ìgbà tó jáde, kó kọ èrò rẹ̀ nípa yín. Wọ́n ní òun nìkan ló kù tó mọ iṣẹ́ náà."

"Òótọ́ ni. Òun ló kù."

"Ó ní òun ò ní ṣí nǹkan kan. Ó ní òun á kàn wọlé, òun á sọ fún wọn pé ẹ ò ṣe é."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan gbọ̀n nínú mi níbi yẹn. Mo dúró dè é díẹ̀. Mo wá sọ fún un pé kí ó má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni wọn yóò pè é, kò sì ní wúwo ju ẹ̀rín tó bá ará òdìkejì rín nínú fọ́tò lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní òun kò lè rántí gbogbo ohun tí òun máa sọ fún un. Mo wọlé, mo kọ ọ́ sínú bébà kan, mo fún ẹ̀ṣọ́, ó kà á, ó nà án sí i lórí fẹ́ǹsì. Ohun tí mo kọ nìyí, kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ bàálù:

Bí wọ́n bá gbé ohun méjì tó jọra síwájú rẹ, kọ́kọ́ bo gbogbo ibi tí iṣẹ́ wọn fipá mú wọn jọra. Wọn ohun tó kù. Má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ṣe é lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ mìíràn, lẹ́yìn tí o bá ti sùn. Kọ iye tí o rí sílẹ̀, fi bíírò kọ ọ́, kí o tó jẹ́ kí orúkọ ẹni tó ni ín wá sí ọ lọ́kàn.